Ìlà Omi Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ àwòrán ilẹ̀ tó wà lára ògiri ibi iṣẹ́ wa yẹn. Mo kórìíra rẹ̀. Bí àlejò bá wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú un lọ: àwòrán gìrìwò kan, etíkun orílẹ̀-èdè méje, ìmọ́lẹ̀ kékeré mọ́kàndínlógún. Ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún ibùdó kan tí ẹ̀rọ ti ń wọn omi òkun. Bó bá ní àwọ̀ ewé, ẹ̀rọ ibẹ̀ ń fi nọ́mbà ránṣẹ́. Bó bá pupa, ó ti dákẹ́. Àlejò á mi orí, á ní iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe o. Èmi á lọ dúró lẹ́yìn, màá máa ṣe bí ẹni tó ń wá bírò. Wọn ò tíì lé mi kúrò níbẹ̀. Ìdí tí wọn ò fi tíì lé mi, kò yé èmi pàápàá.

Iṣẹ́ ńlá ni lóòótọ́, n ò ní purọ́. Ọdún mẹ́jọ la fi ṣe é. Ilẹ̀ máa ń mì nísàlẹ̀ òkun lágbègbè wa, bó bá sì mì dáadáa, òkun á dìde, èyí tí wọ́n ń pè ní sùnámì. Ìgbì yẹn ò mọ ààlà, kò ní ìwé ìrìnnà. Orílẹ̀-èdè kan ò lè dá ṣọ́ ọ. Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ni àwọn orílẹ̀-èdè méjèèje bá jókòó, wọ́n jà, wọ́n jẹun, wọ́n tún jà, wọ́n wá gbà pé ohun tí ẹ̀rọ oníkálukú bá rí, kí gbogbo wa máa rí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Bó ṣe kàn mí nìyí. Màmá mi ń gbé ilé tó kẹ́yìn ní òpópónà etíkun, ilé tí iyọ̀ ti jẹ irin fèrèsé rẹ̀ tán. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, orúnkún òsì wọn ò sì gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èmi àti wọn ti fẹsẹ̀ rìn láti ẹnu ọ̀nà wọn dé ilé-ìwé orí òkè, èmi pẹ̀lú aago lọ́wọ́: ìṣẹ́jú márùndínlógójì, pẹ̀lú ìsinmi ẹ̀ẹ̀mejì àti èébú ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo ní kí wọ́n kó wá sọ́dọ̀ mi lókè. Wọ́n ní ilé mi ń rùn bí ọsibítù. Ọ̀rọ̀ parí.

Ibùdó tó wà níwájú jù lọ, ọ̀dọ̀ àwọn ará òdìkejì òkun ló wà. Ìgbì tó bá kan èbúté tiwọn, ìṣẹ́jú méjìlélógójì ló máa gbà kó tó dé òpópónà màmá mi. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Méjìlélógójì, ẹ yọ márùndínlógójì kúrò, ó ku méje. Ìṣẹ́jú méje yẹn ni gbogbo ohun tí màmá mi ní láyé, ọwọ́ ọkùnrin kan tí n ò fojú rí rí ló sì wà.

Oníkọ́ ni mo ń pè é. Òun ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ omi ní èbúté ọ̀hún. Orí fóònù la ti mọra. Kó tó sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Mo jù ú lọ, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan la máa ń fi nọ́mbà wéra. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, àmọ́ wákàtí kan la máa ń lò sí i: ìyàwó rẹ̀ tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà tó sì ti fọ́ ògiri aládùúgbò, ọ̀gá rẹ̀ tó ń sùn lórí àga, orúnkún màmá mi. Kò sí ọjọ́ Ajé tí kì í béèrè. "Ẹ̀gbọ́n, orúnkún wa ńkọ́?" Orúnkún wa, ẹ gbọ́ o, bí ẹni pé àjọbí ni.

Ọ̀gá tiwa náà ní orúkọ. Ọ̀gá Ìlànà là ń pè é, lẹ́yìn rẹ̀ o. Kò sí ohun tó ń ṣe tí kò sí nínú ìwé. Lọ́dún tó kọjá, ilẹ̀ mì, a fọn fèrè ìkìlọ̀, gbogbo ìlú sá gun òkè, omi ò sì wá. Bàbá àgbà kan ṣubú, itan rẹ̀ kán. Àwọn ọ̀dọ́ wá fọ́ gíláàsì wa. Láti ìgbà náà ni àwọn orílẹ̀-èdè méjèèje ti fọwọ́ sí i pé a ò gbọdọ̀ fọn fèrè nítorí pé ilẹ̀ mì nìkan. Omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yàtọ̀ ní ibùdó iwájú, ká sì kà á nígbà mẹ́ta, ìṣẹ́jú kan láàárín. Ọ̀gá Ìlànà fi ìwé náà sínú férémù, ó gbé e kọ́ sókè bọ́tìnnì fèrè.

Èmi náà ní àṣà kan tí wọ́n fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Mo ṣì ń fi pẹ́ńsù ya ìlà omi sórí ìwé. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ń yà á fúnra rẹ̀, àmọ́ ohun tí ọwọ́ mi bá yà ni orí mi ń gbà. Mo mọ ìlà èbúté Oníkọ́ bí mo ṣe mọ ìkọ̀wé ọmọ mi. Lọ́sàn-án, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, ìlà á sì yọ iké kékeré kan. Ọkọ̀ náà kì í dé lákòókò kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Awakọ̀ rẹ̀ a máa pẹ́, òjò a máa dá a dúró. Lọ́jọ́ Àìkú, kì í wá rárá.

Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan nítorí orúnkún yẹn náà. Lọ́jọ́ Àìkú tí ìsinmi parí, mo sáré wọ ibi iṣẹ́ láti mú agbòòrùn tí mo gbàgbé síbẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí iké. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú gééré ni.

Mo ní bóyá wọ́n lálejò. Àmọ́ n ò sùn dáadáa. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo kó nọ́mbà ọjọ́ mẹ́fà jáde, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ya ìlà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n lé ara wọn, mo gbé wọn sára gíláàsì fèrèsé. Ìlà kan ṣoṣo ni. Omi ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ṣoṣo ló ń padà wá lójoojúmọ́, iké rẹ̀ lẹ́yìn. Àní omi ń kún, ó ń fà, ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Òkun tí Ọlọ́run dá kì í ṣe bẹ́ẹ̀; ojoojúmọ́ ló ń pẹ́ ju ti àná lọ, bí ìṣẹ́jú àádọ́ta. Orílẹ̀-èdè méje, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó rí i. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wò. Mo fa fóònù.

"Oníkọ́, ọkọ̀ yín ti ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú ni?"

Kò tiẹ̀ wúkọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ̀rọ ti kú. Nǹkan kan ló jó nínú rẹ̀. Tuntun ti dé láti òkè òkun, ó wà lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè, wọ́n ní ó ku ìwé kan. Bí ìmọ́lẹ̀ wa bá sì pupa ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, wọ́n á ka orúkọ orílẹ̀-èdè wa síta níwájú ìpàdé. Ọ̀gá mi ní òun ò ní gba irú ìtìjú bẹ́ẹ̀, pé kí n wá nǹkan ṣe sí i."

"Nǹkan tó o wá rí ṣe nìyẹn? O ń fi omi àtijọ́ tan gbogbo ayé jẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ mi ni?"

Háà. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, iná lọ lọ́dọ̀ wa fún ọjọ́ méjì, ẹ̀rọ tiwa sì dákẹ́. N ò fẹ́ kí Ọ̀gá Ìlànà fi ìwé fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Mo da nọ́mbà ọjọ́ tó ṣáájú kọ, mo fi í ránṣẹ́, ìmọ́lẹ̀ wa ò sì pupa. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo ròyìn rẹ̀ fún Oníkọ́ lórí fóònù. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọgbọ́n yín pọ̀ o!" Inú mi dùn sí i nígbà yẹn. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, kò ṣe é kó.

Ó bẹ̀ mí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: kì í ṣe nítorí tirẹ̀ nìkan ni mo fi panu mọ́. Bí mo bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn, wọ́n á bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ̀rù iṣẹ́ mi ló bà mí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo sì wọ́ orí ọmọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ bá màmá mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá lo ọ̀sẹ̀ kan péré lọ́dọ̀ mi. Àwọ̀n ẹja oníbàárà kan ni wọ́n ń rán, wọn ò gbójú sókè.

"Kí ló dé?" wọ́n ní. "Ṣé òkun ní òun ń bọ̀ ni?"

Mo ní rárá, màmá, kò sí nǹkan. Ọmọ tí wọ́n bí ni mí, mo sì wo ojú wọn, mo ní kò sí nǹkan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò pé. Ní Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sàn-án, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ilẹ̀ figbe ta. Ilẹ̀ ti mì nísàlẹ̀ òkun, kò sì jìnnà sí èbúté Oníkọ́. Ó mì ju ti ọdún tó kọjá lọ. Ọ̀gá Ìlànà dìde, ó wọ kóòtù rẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí. Gbogbo wa gbójú sí ìlà ibùdó iwájú. Bí ìgbì bá wà, láàárín ìṣẹ́jú méjìlá ló yẹ kí omi ibẹ̀ yàtọ̀. Ìṣẹ́jú méjìlá pé. Ìlà ń lọ jẹ́jẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń tàn pẹ̀lú àwọ̀ ewé rẹ̀.

"Omi dákẹ́," Ọ̀gá Ìlànà ní. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò séwu. A ò ní fọn fèrè."

Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ni mo fi dúró? N ò mọ̀. Màmá mi wà nísàlẹ̀ òkè pẹ̀lú orúnkún kan ṣoṣo, iṣẹ́ mi ni mo sì kọ́kọ́ rò. Ọlọ́run rí mi. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

"Ọ̀gá, omi yẹn kì í ṣe tòní."

"Kí lo wí?"

"Omi ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni. Ẹ̀rọ wọn ti kú láti ọjọ́ yìí wá. Mo mọ̀ nípa rẹ̀."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "O mọ̀?"

"Ẹ fọn fèrè, ọ̀gá! Bó bá yá, kẹ́ ẹ wá bú mi."

Ó yíjú sí férémù. "Mi ò lè fọn ọ́n lórí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Kíkà mẹ́ta ni ìwé wí. Ṣé o ti gbàgbé ọdún tó kọjá ni?" Itan bàbá yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀. N ò lè dá a lẹ́bi tán.

Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti ń tẹ fóònù. Ó dún lẹ́ẹ̀kan péré. Mo gbọ́ ikọ́, ẹ̀ẹ̀mejì.

"Ẹ̀gbọ́n! Mo ti ń pè yín, kò wọlé. Èbúté ni mo wà."

"Kí lò ń wá níbẹ̀?" Mo pariwo mọ́ ọn. Mo tẹ ohùn rẹ̀ sí gbangba kí gbogbo yàrá lè gbọ́.

"Ẹ̀rọ ò ríran. Ta ló kù tó máa wò ó?" Ó ń mí hẹlẹ. "Òpó àtijọ́ ṣì wà." Òpó irin kan ni, tí wọ́n kun nọ́mbà sí lára kó tó di pé ẹ̀rọ dé. "Omi ń fà sẹ́yìn. Ó ti bọ́ sí mítà méjì. Ẹ kọ ọ́."

Ọ̀gá Ìlànà kọ ọ́.

"Ó ti tó, Oníkọ́! Máa sá lọ!"

"Mẹ́ta ni ìwé wí, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ti ń purọ́ láti ọjọ́ yìí, ta ló máa fi ẹyọ kan gbà á gbọ́? Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Mo yíjú sí Ọ̀gá Ìlànà, mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì, ojú rẹ̀ wà lára férémù. Kò tẹ̀ ẹ́. Ẹ jókòó wo aago fún ìṣẹ́jú kan lónìí, kẹ́ ẹ rí bó ṣe gùn tó.

"Ó ti bọ́ sí mítà kan," Oníkọ́ ní. "Ìkejì nìyẹn. Ọkọ̀ èrò ti jókòó sórí ẹrẹ̀, ẹ̀gbọ́n, mo ń rí ìdí rẹ̀. Awakọ̀ ti sá. Òní nìkan ni kò pẹ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wúkọ́. "Orúnkún wa ńkọ́?"

"Ó wà nísàlẹ̀," mo ní. "Ilé ni wọ́n wà."

"Ẹ ní kí wọ́n má sinmi ẹ̀ẹ̀mejì lónìí."

Mo ń gbọ́ afẹ́fẹ́ nínú fóònù rẹ̀.

"Òpó ti jáde tán," ó ní. "Òfo. Ẹ kọ òfo. Ó ti di mẹ́ta."

Ọ̀gá Ìlànà tẹ bọ́tìnnì. Fèrè bú jáde ní gbogbo etíkun wa. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Mo ń pariwo nínú fóònù, "Sá! Sá! Sá!" Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó èbúté. Mo gbọ́ tó ń wúkọ́, tó ń sá. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ òkun, fóònù sì kú.

Mo bá màmá mi ní ilé-ìwé orí òkè, wọ́n jókòó sórí àga ọmọ kékeré, àwọ̀n oníbàárà ṣì wà léjìká wọn. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi gùn ún, ìsinmi ẹ̀ẹ̀kan. Láti ibẹ̀ la ti wo omi tó gbé ilé wọn lọ, fèrèsé, ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀.

"Ta ló ta yín lólobó?" wọ́n béèrè.

"Àbúrò mi kan ni."

"Mo bí òmíràn ni?" Wọ́n rí ojú mi, wọ́n sì pa yẹ̀yẹ́ tì. Wọ́n fi àwọ̀n náà bò mí léjìká, torí pé òtútù ń mú mi.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni mẹ́ta ló bá omi lọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ má bi mí. Wọn ò rí Oníkọ́.

Lọ́jọ́ kọkànlá, ìpàdé orílẹ̀-èdè méjèèje jókòó ní gbọ̀ngàn tiwa, lábẹ́ àwòrán yẹn. Alága ka ìwé: ètò ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là, àfi àléébù kan, olùṣọ́ kan tó hùwà èké, tó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Ọ̀gá Oníkọ́, èyí tó ń sùn lórí àga, ti dé. Ojú rẹ̀ là rekete lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ẹni tó ṣe é ló mọ ohun tó ṣe. Wọ́n ń mi orí. Mo dìde láìtọrọ àyè.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni aago wí?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ọ̀gá Ìlànà ló dáhùn. "Mẹ́rin ku mọ́kànlélógún."

"Ẹ gbójú sókè."

Mọ́kàndínlógún ni ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló ní àwọ̀ ewé. Ti Oníkọ́ náà ń tàn. Kọ̀ǹpútà tó ń fi omi àtijọ́ ránṣẹ́ wà ní ọ́fíìsì orí òkè wọn, oòrùn ló ń fún un ní iná, kò sẹ́ni tó rántí pa á. Ìwé sì ní orílẹ̀-èdè tó ni ibùdó nìkan ló lè yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Mo ṣí ìlà rẹ̀ kí gbogbo wọn rí i. Omi èbúté tí kò sí mọ́ ń lọ jẹ́jẹ́. Nígbà tí aago mẹ́rin ku ogún lù, ìlà náà gbéra, ó yọ iké kékeré, ó sì tún balẹ̀.

"Ọkọ̀ èrò wọn ló kọjá yẹn," mo ní. "Orí òrùlé ilé kan ló wà láti ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn. Ẹ kà á bẹ́ ẹ bá fẹ́: ọjọ́ kọkànlá lónìí, ẹ̀yin náà ń wò ó."

Kò sẹ́ni tó wúkọ́.

"Ẹ ní kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ̀rín ni mo fi kọ́ ọ, lórí fóònù." Mo yíjú sí Alága. "Mẹ́ta ni ìwé wí, àbí? Èmi ni. Èmi ni. Èmi ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Alága ò mú bírò rẹ̀. Ọ̀gá Oníkọ́ ń wo bàtà rẹ̀. Ọ̀gá Ìlànà ló fa ìwé kan sọ́dọ̀, tó wo aago, tó sì kọ ọ́.